Ẹni Tó Mú Ìwé Lọ́wọ́

"Ẹ̀yà ara wo ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀?"

"Kíndìnrín." Àbúrò ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ọrùn búláòsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wọ̀ lọ síbi ìdánwò, ooru sì ń rú sí i lójú.

"O gbà á. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Inú ẹ̀gbọ́n dùn ṣìnkìn. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún tó kọjá nìyẹn, láràárọ̀, kí oníkálukú tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Alágbàfọ̀ ni àbúrò, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ oníbàárà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń mú ìwé. Ẹ̀gbọ́n á bi í, àbúrò á dáhùn, ẹ̀gbọ́n á wo ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ìbéèrè, á ní ó gbà á tàbí ó ṣì í. Àbúrò ò tiẹ̀ ní ohunkóhun í fi ìdánwò ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn, láti ìgbà tó ti ń dúró sẹ́yìn káńtà kẹ́míìsì, tó ń wo ẹlòmíràn tó ń po oògùn. Òun ló bẹ àbúrò pé káwọn jọ ṣe é, kí ojú má baà ti òun láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, òun sì máa pé e kí ọdún tó yí po. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó bọ́ pátápátá nìyẹn.

Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹ gbé ìwé yẹn wá, kémi náà bi yín díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí mò ń kọ́? Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Lọ aṣọ rẹ jàre."

Àbúrò wò ó díẹ̀, ó sì padà sídìí aṣọ.

Gbọ̀ngàn ìdánwò tutù, àwọn àga ibẹ̀ sì ń dún béèyàn bá ti mira. Àbúrò jókòó níwájú, ẹ̀gbọ́n wà lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀, torí kò sí ìbéèrè kan tó ṣàjèjì sí i. Wọ́n fẹ́ bu omi la ife oògùn kan, kí agbára rẹ̀ lè dín sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ife omi mélòó ni wọ́n máa bù sí i? Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà nínú ìwé tiwọn, àbúrò sì ti dáhùn pé mẹ́ta, òun náà ní ó gbà á. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe di mẹ́ta? Kò bi í rí. Kí ló fẹ́ bi í sí, nígbà tí ìdáhùn wà lábẹ́ ìka rẹ̀?

Ó kọ márùn-ún. Ó pa á rẹ́, ó kọ mẹ́fà. Ó bọ́ sórí òmíràn. Ó rántí ojú ewé rẹ̀, ó rántí ibi tí tíì dà sí lára rẹ̀, ìdáhùn nìkan ni kò rántí. Níwájú, ọwọ́ àbúrò ń sáré lórí ìwé láìdúró. Ojú ti ẹ̀gbọ́n, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi ló jáde!" Àbúrò ń sáré bọ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ pòórá.

"Mi ò rí i ṣe," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò ò béèrè ohun tó fà á. Ìyẹn ló dun ẹ̀gbọ́n jù, torí ó hàn pé kò yà á lẹ́nu. Ìgbà àìmọye ló ti ní kí ẹ̀gbọ́n gbé ìwé wá, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kà sí àfojúdi. Àṣé ọmọ náà ti rí i tipẹ́ pé ìdáhùn inú ìwé nìkan lòun gbára lé, ó sì ń wá ọ̀nà tó máa gbà ran òun lọ́wọ́ láì dójú ti òun. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó korò tó báyìí.

"Tí wọn ò bá mú yín, èmi náà ò lọ."

"Wàá lọ. Má jẹ́ n tún gbọ́ ọ." Wọ́n rìn díẹ̀. "Ife omi yẹn, mélòó lo kọ?"

"Mẹ́rin."

"Kí ló dé tí kì í ṣe márùn-ún?"

Àbúrò dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà ni. Lẹ́yìn náà ló na ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún síwájú ẹ̀gbọ́n, ó ká àtàǹpàkò kò. "Oògùn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Ẹ ò ní tún un kà mọ́ omi. Mẹ́rin tó kù yìí ni omi."

Ẹ̀gbọ́n wo àwọn ìka náà. Ó yé e. Kò le rárá. Ó yé e débi pé òun náà lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.