Igi Tí Kò Léwé
Mi ò parọ́ fún Oraqbay. Ó bi mí léèrè, mo sì dá a lóhùn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gé igi saksaul wẹ́wẹ́ sórí dígí fún wíwò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi ní ilé ìwádìí wa ní ìlú Nukus. Igi aṣálẹ̀ yẹn ti jìyà. Láyé ijọ́un, nígbà tí afẹ́fẹ́ tí igi fi ń ṣe oúnjẹ wọ́n, tí oòrùn sì ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ó dọ́gbọ́n: ó sọ ewé nù, ó fi ẹ̀ka tútù ṣe ewé, ó sì to òrùka méjì yí ẹ̀ka náà ká lábẹ́ èèpo. Ti òde ń kó afẹ́fẹ́ wọlé, ti inú ń sè é. Bí òrùka náà ṣe ń hù ni mo ṣàwárí.

Oraqbay, ọ̀gá wa, mú nan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, ó bù ú jẹ, ó sì búra pé orúkọ mi ni yóò ṣíwájú lórí ìwé tí a fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi nan búra kì í yẹhùn. Mo so èyí tó kù kọ́ ògiri títí yóò fi mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ, kó tó wá jẹ ìyókù. Ìwé jáde, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀. Inú bí mi dé eegun, ṣùgbọ́n mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Oraqbay yóò ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn àgbà onímọ̀, ó wá sídìí àpótí dígí mi.

"Ziywar, àbúrò mi, èwo ni ewé saksaul nínú gbogbo dígí yìí?"

"Èyí tí mo kọ 'ewé' sí lára, ewé ni, ẹ̀gbọ́n."

"O ṣé jàre. Ṣé o ò bínú sí mi?"

"Kí ni n ó máa bínú sí?"

Ọmọ darandaran ràkúnmí ni mí. Ọmọdé ilé wa mọ̀ pé saksaul kò léwé, àfi méjì tó fi ń yọ nínú ilẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà. Ọ̀kan nínú méjì yẹn ló wà lórí dígí tí mo kọ 'ewé' sí; bí àwọn baba ńlá igi náà ṣe ń jẹun ni ewé yẹn ṣì ń jẹun. Kò ní òrùka rárá. Oraqbay ò fẹsẹ̀ tẹ yanrìn rí.

Wọ́n gbé àwòrán dígí náà sára ògiri. Ìyá Biybizada, tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́, bọ́jú wò ó.

"Ewé saksaul kẹ̀? Ta ló bá a rán an?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Oraqbay, fọwọ́ kàn án fún wa. Òrùka dà?"

Òógùn bò ó. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

"Ziywar," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún wọn."

Mo dìde, mo yọ nan gbígbẹ tí mo já lára ògiri láàárọ̀ nínú báàgì, ojú ibi tó ti bù ú ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ ìyókù ná, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ mi ò sí lórí ìwé yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"