Bẹ́ẹ̀dì Ẹlẹ́sẹ̀ Bàtà Méje

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i, Tíṣà."

"Ibi tí agbára mi mọ nìyí."

"Ó dáa, yí i sọ́wọ́ òsì. Rárá, òsì tìrẹ. Dúró, dúró!"

Pákó ìgbérí bẹ́ẹ̀dì náà gbá férémù ilẹ̀kùn gbàgà, ó sì há síbẹ̀. Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì fà á, kò wá. Ó tì í, kò lọ. Òun àti Tíṣà dúró sí àgbàlá, wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì tó ki orí bọ yàrá, tó sì kọ̀ láti wọlé.

Káfíńtà ni Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé kò sí pákó tí yóò gé láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, oníbàárà ìbáà máa bínú. Òun kan náà ló wá kan bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje, láìwọn ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ìkọ̀kọ̀ ló ti ń kàn án ní ṣọ́ọ̀bù láti bí oṣù méjì, ó sì ń fi aṣọ bò ó. Bó bá mú téèpù wá sílé, àwọn ará ilé yóò bi í pé kí ló ń wọ̀n. Ìbéèrè yẹn ló ń sá fún.

Alágbàfọ̀ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ń sá aṣọ lórí okùn. Ó na ọrùn kọjá ògiri kúkúrú tó pààlà ilé méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé bẹ́ẹ̀dì nìyẹn ni, àbí pápá bọ́ọ̀lù?"

"Bẹ́ẹ̀dì ni."

"Háà! Èèyàn mélòó ló fẹ́ sùn lórí ẹ̀?"

Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì rín ẹ̀rín tí kò dénú. "Èèyàn mélòó náà? Èmi àti ìyàwó mi ni. A kàn fẹ́ máa rí àyè na ẹsẹ̀ ni."

Tíṣà rọra gbé apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Òùngbẹ ń gbẹ mí," ó wí, ó sì gba yàrá kékeré rẹ̀ lọ ní òdìkejì àgbàlá.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé. Ọmọbìnrin tó wà láàárín wọn nígbà náà ni wọ́n ń pè ní Àárín, òun ló di ìyàwó Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì, òun ló sì ní ṣọ́ọ̀bù ìyafọ́tò tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Bẹ́ǹṣì ọ̀hún kán lọ́jọ́ kan, Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì sì fi òkúta kàn án padà. Iṣẹ́ káfíńtà tó kọ́kọ́ ṣe láyé ẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kẹta wọn, ìyẹn Tíṣà, lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òrùlé ilé tó ń gbé bà jẹ́, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun gba òun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún ni kò tíì pé títí di òní.

Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni Àárín ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè: "Mo fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò sì fẹ́ purọ́ fún ẹnì kankan nínú yín." Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì retí ìbínú títí, ìbínú ò dé. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé bí Tíṣà bá pẹ́ kó tó ti ilé ìwé dé, òun náà kì í lè jókòó. Ẹnu géètì ló máa ń lọ dúró sí. Kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ò fẹ́ kó tán.

Ṣùgbọ́n lójú ará ìta, ayálégbé ni Tíṣà. Ohun tí wọ́n ń wí fún gbogbo ayé nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ fi Tíṣà ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú mìíràn, kó fèsì ní ọjọ́ Ajé. Tíṣà gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó wo ojú àwọn méjèèjì. "Kí ni mò ń jẹ́ nínú ilé yìí gan-an?" ó bi wọ́n. Àárín bú sẹ́kún. Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó lọ ń dán bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni èsì rẹ̀. Ó wá kù díẹ̀ kí èsì wọlé, ó tún fi ẹnu ara rẹ̀ yọ Tíṣà kúrò lórí ẹ̀.

Ibi tó ti ń ronú ni géètì ti dún. Àárín ló wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Agbẹ̀bí ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì láti ìgbà pípẹ́, láti ìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ kí ohunkóhun kọjá lójú òun láìwò ó fínnífínní.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Àbí ìwọ nìyí? O ti hewú! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lèyí?"

Ó rìn yí i ká. Nígbà tó dé abẹ́ rẹ̀, tó kọjú síta nítorí pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Àṣà Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì ni pé ibi tí ojú kì í dé lára ohun tó bá kàn ló máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti bó ṣe wọ̀n ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ti ń dé ibi gbogbo báyìí.

"'Èmi: ogún ínṣì. Fi mẹ́jọ kún un,'" Màmá kà á sókè. "'Àárín: ínṣì mẹ́rìndínlógún. Fi méjìlá kún un, ó máa ń yí.' Òótọ́ ni, láti kékeré ló ti ń yí. 'Tíṣà: ínṣì méjìdínlógún. Fi mẹ́wàá kún un, ó máa ń na ọwọ́.'" Ó nàró. "Tíṣà wo? Tíṣà ayálégbé?"

Tíṣà ti yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé ná, kí ẹ sinmi," Àárín wí.

"Inú ọkọ̀ ni mo ti sinmi wá. Abéèrè kì í ṣìnà, mo sì ń béèrè." Ó fa àpótí kan sún mọ́ra, ó jókòó. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gbẹ̀bí. Kò sí ohun tí ojú mi ò tíì rí nínú ilé onílé. Kí ni Tíṣà jẹ́ sí yín?"

Àárín ló dáhùn. "Ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì ni, Màmá. Olólùfẹ́ mi sì ni."

Màmá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"O ò sì jowú?"

Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì rò ó wò, torí kò fẹ́ parọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ní àárọ̀ kan. "Mo jowú fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnì, wọn ò pè mí. Nígbà tí wọ́n pè mí, ó tán."

Màmá tún bi wọ́n: "Ta ló ń fọ abọ́?"

"Tíṣà," àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bí ara ọ̀kan nínú yín ò bá yá ńkọ́?"

"Àwọn méjì tó kù á máa jà lórí ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀ ni," Àárín wí.

"Hùn-ún." Màmá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń ka àkọlé. "Mi ò sọ pé ó dáa o. Mi ò sì sọ pé kò dáa, mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, kí ló dé tí ẹ ń pe ẹnì kan nínú yín ní ayálégbé?"

Tíṣà gbé ife sílẹ̀. "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Èèyàn méjì ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ó ti sọ ọ́ fún Alágbàfọ̀ kí ẹ tó dé, ojú mi ló ṣe." Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló wá dun Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì jù. "Mo máa gba iṣẹ́ yẹn. Mo máa dá wọn lóhùn lọ́jọ́ Ajé."

Ojú ti Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí, àfi kó mú ayùn. "Kò lè wọlé bó ṣe rí yìí," ó ń wí fún pákó. "Kò sí ìṣó kankan tí mo lè yọ lára ẹ̀, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá gé ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n kúrò, á wọlé." Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó fa ìlà, ìlà náà sì bọ́ sáàárín ohun tó kọ nípa Àárín àti ohun tó kọ nípa Tíṣà. Ó rí i dáadáa. Omi lé ròrò sí i lójú, ó gbé ayùn lé orí ìlà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan.

"Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì," Tíṣà pè é. "Ta ló ní kí o gé mi?"

Ayùn dúró. "Ìwọ lo ní o fẹ́ máa lọ."

"Mo ní mo máa lọ nítorí pé mi ò sí nínú ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé o ti wọ̀n mí." Tíṣà ti sún mọ́ ọn, ó lóṣòó, ó fi ìka kan ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. "Ìgbà wo lo wọ̀n mí?"

"Èjìká ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ni mo wọ̀n, nígbà tó wà lórí okùn. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ti ọwọ́ tí mo máa ń na ńkọ́?"

"Ìyẹn, mi ò wọ̀n ọ́n. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni."

Àárín bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì ju ayùn sílẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kan férémù ọ̀hún ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí èèyàn méjì péré fẹ́ máa gbé ilé náà. Ó wọlé lọ mú òòlù wá.

Wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì padà sẹ́yìn. Wọ́n yọ férémù náà tòun ti fèrèsé kékeré orí rẹ̀, eruku sì bo gbogbo wọn. Màmá ò kúrò lórí àpótí, ṣùgbọ́n ó ti di aláṣẹ ibẹ̀.

"Ẹ fi orí ṣáájú! Ẹ rọra! Èyí tó bá fẹsẹ̀ ṣáájú ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀!"

Alágbàfọ̀ tún na ọrùn kọjá ògiri. "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ilé lẹ fẹ́ wó nítorí bẹ́ẹ̀dì? Bẹ́ẹ̀dì èèyàn méjì?"

Tíṣà kò gbójú sókè, ó di apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ mú. Àárín náà dúró.

"Èèyàn mẹ́ta ni," Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì wí.

"Kí lẹ wí?"

Ó tún un sọ, ó sì gbé ohùn sókè lọ́tẹ̀ yìí. "Mo ní èèyàn mẹ́ta ni. Èmi, Àárín àti Tíṣà."

Alágbàfọ̀ fún aṣọ tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ó wí níkẹyìn. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn á wúwo láti fọ̀ ṣá o."

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i, Tíṣà," Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì wí.

Tíṣà gbé e sókè.