Frẹ́jọ̀n ti Bàhíà

Ní ilé ọkọ mi ní Pópó Àgùdà, láàárín àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú Bàhíà lókè òkun padà wá, tí ẹ bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dárí jì yín. Tí ẹ bá fọ́ abọ́ tánganran ìyá àgbà, wọ́n á bínú díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò frẹ́jọ̀n. Ẹ̀wà ni frẹ́jọ̀n o, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn àti ṣúgà rò títí tó fi kúnná. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni à ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ ẹja ni a sì ń bù lé e, torí a kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọbìnrin ilé nìkan ló ń rò ó. Àǹtí Filomẹ́nà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ló ń tọ́ ọ wò. Tí Àǹtí bá ti ní ó pé, ó pé nìyẹn, kò sí ẹni tó tún ń lo ahọ́n tirẹ̀ mọ́.

Èmi Olúbùnmi, ọmọ Èkìtì ni mí. Láti ọjọ́ tí Sámúẹ́lì ọkọ mi ti gbé mi wọlé, àgbọn ni wọ́n ń ní kí n máa rín. Tí mo bá sún mọ́ ìkòkò báyìí, wọ́n á ní, "Ìyàwó, fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe iyán." Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe pé ẹ̀wà ń wù mí jẹ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọrogùn yẹn lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n mọ̀ pé èmi náà ti di ará ilé.

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni ṣokoléètì. Mò ń yan kéèkì ṣokoléètì fún tọmọdé tàgbà wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á lá ìka, wọ́n á ní oúnjẹ òyìnbó lásán ni. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n ṣe púdíǹnì fún wọn fún ọjọ́ Àjíǹde: ṣokoléètì dúdú, ẹyin, mílíìkì, bọ́tà, tí mo yan nínú abọ́ tánganran ńlá kan títí tó fi dì, tó ń dán. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo yan án kó lè rí àyè tutù. Ẹja ti kún fíríìjì, ni mo bá dé e, mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀.

Ìwà òmùgọ̀ gbáà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo Pópó Àgùdà ń gbé frẹ́jọ̀n ránṣẹ́ síra wọn, nínú abọ́ tó ní ìdérí.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ebi ààwẹ̀ ń pa gbogbo wọn. Ilé ìdáná ni mo wà, èérún àgbọn kún ọwọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí: "Ta ló gbé èyí wá? Ẹ jẹ́ ká wo irú jákujàku tí wọ́n rò." Kí n tó sáré dé pálọ̀, Àǹtí ti bu púdíǹnì mi sínú àwo, wọ́n ti da ọbẹ̀ ẹja lé e, ata, òróró, orí ẹja àti gbogbo rẹ̀. Mo la ẹnu. Ṣíbí àkọ́kọ́ ti wọ ẹnu Àǹtí.

Gbogbo ilé ń wo ẹnu yẹn. Ojú Àǹtí kan pa dé, èkejì yọ síta. Mo rí i pé Àǹtí ti mọ̀. Ẹni tó ti jẹ kéèkì mi tó báyẹn, báwo ni kò ṣe ní mọ ṣokoléètì? Àǹtí gbé e mì, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Haa!" ni wọ́n wí. "Frẹ́jọ̀n tí ìyá ìyá mi máa ń ròyìn nìyí. Ti Bàhíà gan-an! Kòkó ni wọ́n ń fi sí i lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin lẹ ti gbàgbé."

Ẹnu àgbà lobì í gbó. Gbogbo ilé yára bù ú. Adébáyọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí kò kọjá Kútọnu rí láyé rẹ̀, jẹ ṣíbí kan, omi lé sójú rẹ̀. "Àǹtí, this one is original! Ó ń rán mi létí ilé."

"Ìyàwó," ni Àǹtí pè mí, "wá tọ́ ọ wò."

Tí mo bá ní púdíǹnì mi ni, ẹ̀sín Àǹtí kò ní tán kí Kérésì tó dé, èmi náà kò sì ní sún mọ́ ìkòkò yẹn mọ́ láéláé. Mo kúnlẹ̀, mo gba ṣíbí. Ṣokoléètì yọ́ mọ́ ata lẹ́nu mi, egungun ẹja sì há mi léyín. Inú bí mi, torí púdíǹnì yẹn dára.

"Ó pé, mà," ni mo wí.

Nígbà tó yá, Àǹtí bá mi ní ilé ìdáná. "Ìwọ lo ṣe é."

"Ẹ má bínú, mà."

"Dákẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa ro frẹ́jọ̀n ilé yìí."

Ijó ló kù kí n jó. "Èyí tí a ń fi ẹ̀wà ṣe, mà?"

"Ẹ̀wà kẹ̀? Ti Bàhíà ni wọ́n ń bèèrè."

"Àǹtí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja?"

"Ta ló ń jẹ frẹ́jọ̀n láìsí ọbẹ̀ ẹja?" Àǹtí fa àwo kékeré kan yọ lábẹ́ ìborùn wọn, púdíǹnì tí ọbẹ̀ kò kàn rárá. Wọ́n dijú, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọn kò bù fún mi.

Lọ́dún yìí, èmi ni mo di ọmọrogùn mú. Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó, ń rín àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó na ọrùn wo inú ìkòkò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àǹtí Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ṣokoléètì nìyí?"

"Ìyàwó, fi ìyẹn sílẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Kì í ṣe gàrí."