Àlàfo Inú Orin Morádékẹ́

“Lóru àná, mo lá àlá kan tí mi ò tíì mọ ẹni tí màá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.”

Bí Morádékẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ yìí, lẹ́yìnkùlé, kó tó fọ eyín, tí gbogbo ará ilé sì pagbo yí i ká. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ewúrẹ́ baba onílé. Ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹ mọ Morádékẹ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mọ Àwọn Adùnlétí, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n máa ń wọ bàtà gogoro kọrin káàkiri Abẹ́òkúta, tí rédíò ò jẹ́ ká gbádùn lọ́jọ́sí. Bísóyè ló ń dá orin, Morádékẹ́ ló ń gbé àárín rẹ̀, Jọláadé ló ń parí rẹ̀. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ẹnì kan kì í gba orin mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu. Bí Morádékẹ́ bá gbé ìlà tirẹ̀ dé ìdí, á dákẹ́, Jọláadé á wọlé. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò mọ̀ pé òun ń dákẹ́. Wọn ò jà kí wọ́n tó tú ká. Bísóyè bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà, Jọláadé ní ẹja ni òun fẹ́ máa sìn ní Ọ̀dẹ̀dá. Ó ku Morádékẹ́ nìkan, òun náà sì ní ó tó gẹ́ẹ́, òun á ṣe àwo orin tòun, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, tí ojú òun nìkan á wà lára páálí rẹ̀.

Gbogbo orin inú àwo náà ló ti parí, àfi ẹyọ kan, èyí tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn: “Mo dé o, ẹ̀yin ará ilé, mo dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn…” Ibẹ̀ ni Morádékẹ́ ń dákẹ́ sí. Ibẹ̀ ni Jọláadé ì bá ti dáhùn pé “Káàbọ̀.” Gbọ́láhàn, tó ń gba orin náà sílẹ̀ ní situdíò rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣáà sọ káàbọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó gbìyànjú, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Níkẹyìn, Gbọ́láhàn ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá tíì rí i sọ, òun á ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó máa ń bá àwọn olórin dí àlàfo, kó wá bá a sọ ọ́. Ohùn àjèjì, ní ìlà àkọ́kọ́ nínú àwo tó ti ń rò lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti ń wọ bàtà gogoro. Ìbínú yẹn ni Morádékẹ́ gbé sùn.

Bó ṣe dijú báyìí, ó bá ara rẹ̀ ní situdíò, ó ń dín dòdò. Ọ̀sán gangan ni. Dòdò náà ń pọ́n dáadáa. Gbohùngbohùn tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ọrùn sílẹ̀, ó wo inú epo, ó wá húkọ́ bí àna tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò dùn.

“Dékẹ́,” ló wí, “ṣé wọ́n ti fún ọ ní àṣẹ láti máa dá kọrin?”

“Àṣẹ wo? Lẹ́nu tèmi?”

“Ẹnu tìẹ ni, ṣùgbọ́n etí ìjọba ni. Lọ gbàṣẹ. Bu dòdò díẹ̀ sí mi lẹ́nu kó o tó lọ.”

Morádékẹ́ bu dòdò sí i lẹ́nu, ó bá a fẹ́ ẹ kó má baà jó o, ó wé gèlè, ó jáde. Kò bèèrè ibi tí ọ́fíìsì náà wà, torí ó ti ń rí i. Ó léfòó lókè Láfẹ́ńwá, tòun ti fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ṣàgámù. Àkàbà tí wọ́n gbé síbẹ̀, bàtà gogoro Àwọn Adùnlétí ni wọ́n fi kàn án, gbogbo bàtà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Nígbà tó gun bàtà òsì Jọláadé, bàtà náà kérora.

“Morádékẹ́, o ti sanra o.”

“Ìwọ náà ti gbó,” ni Morádékẹ́ fèsì, ó sì gùn ún kọjá.

Nínú ọ́fíìsì, èrò pọ̀. Fíríìjì kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa sùn lọ́sàn-án. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ máa dún jẹ́jẹ́. Morádékẹ́ kí wọn, wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀, fi pè é wọlé. Agbádá funfun ló wọ̀, ó tóbi débi pé àwọn akọ̀wé méjì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ apá rẹ̀.

“Èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ́?”

“Èyí tó wà láàárín ni mí, sà.”

“Àárín ò lè dá rìn. A ò tíì rí i rí ní ọ́fíìsì yìí.”

“Ìdodo mi wà láàárín, sà. Gbogbo ibi tí mo bá lọ la jọ ń lọ.”

Àwọn akọ̀wé abẹ́ agbádá rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ sì pa apá rẹ̀ dé kí a má baà gbọ́ wọn mọ́. Ó ní kó kọrin, kí òun gbọ́. Morádékẹ́ bá gbé e: “Mo dé o, ẹ̀yin ará ilé, mo dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn…” Ó dákẹ́. Ibi tó ti dákẹ́, ihò kan là sí ilẹ̀ ọ́fíìsì, ó rí róbótó bí ẹnu odó. Atẹ́gùn gba inú rẹ̀ wọlé, ó ń run òórùn odò Ògùn. Ó tún orin náà gbé. Ihò kejì là. Wọ́n ní kó tún un kọ, bóyá ti ìyẹn ló burú. Kò pẹ́, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ti lu bí ajere.

Ọ̀gá ní ìwà ìbàjẹ́ nìyí sí dúkìá ìjọba. Ó ní kí Morádékẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bó bá dé ibi ihò, òun fúnra òun á parí rẹ̀. Morádékẹ́ kọ ọ́. Ó dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ la ẹnu, àyà rẹ̀ wú, ohun tó jáde sì ni “Mẹ̀ẹ́.” Irùngbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, etí tẹ̀ lé e, pátákò wá gbẹ̀yìn. Agbádá ò yí padà ní tirẹ̀, ọrùn ewúrẹ́ ló kù sí. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Akọ̀wé rẹ̀ gbé tíì kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé èèpo ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gá jẹ díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

“Ẹ pe adíhò wá,” ni ewúrẹ́ wí.

Obìnrin kan wọlé, ó ru bàsíà. Ojú tó wọ̀ kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni, ó kàn fi awò ojú dúdú Gbọ́láhàn bò ó. Ohun tó wà nínú bàsíà rẹ̀ ni káàbọ̀ tí wọ́n fi ewé pọ́n bí ẹ̀kọ, ó sì ń polówó rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé káàbọ̀ rè é, ti àná ni, kò tíì kan. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi káàbọ̀ tútù dí ihò. Bó ṣe dí ti àkọ́kọ́, ọ́fíìsì mì. Bó ṣe dí ìkejì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣubú lórí fíríìjì. Morádékẹ́ yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé wọ́n ti ń lọ sílẹ̀. Àṣé atẹ́gùn tó ń gba inú ihò ló gbé gbogbo ilé náà ró. Omi odò Ògùn ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kan pátákò ọ̀gá, ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń jẹ èèpo lọ. Gbogbo akọ̀wé ti di ewúrẹ́ nígbà náà, wọ́n sì ń fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ lu ara wọn.

Morádékẹ́ ò lè lúwẹ̀ẹ́. Bí ọ́fíìsì yìí bá rì, òun àti orin òun ló máa bá a lọ. Ó bá na ọwọ́, ó di bàsíà mú.

“Ìyá, ẹ gbé káàbọ̀ yín kúrò lẹ́sẹ̀ mi.”

Ewúrẹ́ ní ta ló fún un láṣẹ. Morádékẹ́ yíjú sí i. Ẹ̀rù ò bà á rárá. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀rù ewúrẹ́ kì í ba òun, yálà ó wọ agbádá tàbí kò wọ̀ ọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ẹ bá délé, tí ẹ ní ‘Mo dé o,’ ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń kí ara yín káàbọ̀?”

Ewúrẹ́ ò jẹ èèpo mọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlaròó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì tíì dé. Òun ni òun ń kí ara òun káàbọ̀ láti ìgbà náà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni Morádékẹ́ wí. “Ìyẹn ló sọ yín di ewúrẹ́.”

Ó so gèlè rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàbọ̀ kúrò nínú ihò, ó ń jù wọ́n sómi. Àwọn ẹja jẹ ẹyọ kan, wọ́n tu ú dànù. Bí ihò ṣe ń ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì ń gòkè, tí omi ń dà jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá tẹjú mọ́ ihò tó sún mọ́ ọn jù, ó pe Jọláadé. Jọláadé dá a lóhùn látinú ihò náà, omi adágún ẹja mu ún dé ìbàdí, ó sì ti hu irun ẹnu bí ẹja àrọ̀.

“Jọláadé, wá dáhùn orin yìí.”

“Mi ò ráyè, mò ń bọ́ ẹja. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn ò lẹ́nu ni?”

Látinú ihò kejì, Bísóyè yọrí, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn bí tìmùtìmù, yìnyín wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní kí Dékẹ́ ṣáà tètè dá orin náà kí ara òun lè yá.

Morádékẹ́ gbé e: “Mo dé o, ẹ̀yin ará ilé, mo dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn…” Ó dákẹ́, kò sì tijú pé òun dákẹ́. Láfẹ́ńwá gbójú sókè. Àwọn tó ń ta ata, àwọn tó ń jó irin, télọ̀ tó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, gbogbo wọn ní “Káàbọ̀.” Àwọn kan pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọkùnrin kan sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Rélùwéè tó ń kọjá lórí afárá fi fèrè sọ tirẹ̀. Ohùn wọn gba inú gbogbo ihò wọlé bí ẹ̀fúùfù, okùn já, ọ́fíìsì gbéra, ó ń yí po lókè Olúmọ, fíríìjì ń jó, agogo ń dún rara, kò rántí orí fífọ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. “Káàbọ̀, ọmọ mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ó fẹ́ di èèyàn padà, ó wo ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé agbádá náà bá òun mu báyìí.

“Àṣẹ mi ń kọ́, sà?”

Ewúrẹ́ gé etí gèlè Morádékẹ́ jẹ, ó gbé e mì. Ó ní àṣẹ nìyẹn. Morádékẹ́ dúpẹ́. Ìgbà náà ló gbọ́ òórùn dòdò tó ń jó, ó sì sáré.

Fóònù ló jí i. Gbọ́láhàn ni. Ó ní obìnrin náà ti dé sí situdíò, ó ti mu omi gbígbóná, ohùn rẹ̀ ti là, kí Dékẹ́ má bínú. Morádékẹ́ di fóònù náà mú, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, oòrùn wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́: “Mo dé o, ẹ̀yin ará ilé, mo dé o, ẹ ṣílẹ̀kùn…” Ó dákẹ́.

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ará ilé wa, tó ń ṣa ẹ̀wà, ò gbójú sókè. Ó ní, “Káàbọ̀ o.” Ọkọ rẹ̀ ní “Káàbọ̀” tòun ti ọṣẹ ìfọyín lẹ́nu. Ẹnì kan sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ògiri, nínú ilé tí a ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Gbọ́láhàn ti gbọ́ wọn nínú fóònù.

“Dékẹ́, ta nìyẹn?” ni Gbọ́láhàn bèèrè.

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Fún obìnrin yẹn lóúnjẹ, kó máa lọ sílé. Ibẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ín á máa sọ ọ́.”

Gbọ́láhàn ní kó tún un kọ, òun fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Morádékẹ́ ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Nídìí okùn tí a ń sá aṣọ sí, ewúrẹ́ baba onílé dúró, ó ti ki orí bọ ọrùn agbádá funfun baba onílé, aṣọ náà bò ó dé ìrù, ó sì ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, tó ń wo Morádékẹ́ bí ẹni tó ń retí nǹkan.

Morádékẹ́ kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá.”