Alágbàfọ̀ Ilé Ọmọ Òrukàn

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fi máa gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan, Ìyá Abẹ́rẹ́ ti bì títí kò fi mọ ẹni tó ń kí òun káàbọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ni. Ìjọ ló sọ ọ́ ní Ìyá Abẹ́rẹ́, nítorí kò sí ìdí ọmọ kan nínú ìjọ náà tí kò tíì gún rí. Òun, Pásítọ̀, dókítà eyín àti àwọn akọrin bíi mélòó kan ni ìjọ rán wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti wàásù, láti tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n sì kun ilé ọmọ òrukàn tí ìjọ ti ń ràn lọ́wọ́ láti ìgbà tí ìjì líle ti wó ìdajì erékùṣù náà.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lọ́kàn obìnrin yìí. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò bímọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ọmọ òrukàn sì ti sọ fún wọn pé ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí tọkọtaya náà lè gbà tọ́. Gbogbo ètò ti parí. Ó kù kó mú ọmọ náà dání lọ.

Eyín iwájú ọmọ náà ti ká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Akáyín. Láti ọjọ́ tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti fojú kàn án ni kò ti gbádùn oúnjẹ mọ́, àfi kó ṣáà máa wò ó. Ó di irun rẹ̀, ó rán bọ́tìnì tó já lára aṣọ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ìṣó gún Akáyín lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí yàrá ìjẹun, níbi tí wọ́n ti to tábìlì pọ̀ fún ìtọ́jú aláìsàn. Nọ́ọ̀sì wẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Bí ọmọ náà ṣe rí abẹ́rẹ́ báyìí, ó figbe ta:

"Màámi! Màámi, ẹ gbà mí o!"

Ayọ̀ kún inú Ìyá Abẹ́rẹ́. Òun ló rò pé wọ́n ń pè. Àfi ìgbà tó rí i pé ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sí. Alágbàfọ̀ ilé náà ló ń kọjá lọ níbẹ̀, abọ́ aṣọ tútù lórí rẹ̀. Obìnrin náà dúró gbagidi. Kò wẹ̀yìn. Omi ń kán láti ara aṣọ sí i lójú, kò nù ún. Nígbà tó yá, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo obìnrin ni wọ́n ń pè ní màámi. Ọmọ tí kò ní ìyá, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn Ìyá Abẹ́rẹ́ kò balẹ̀. Lọ́sàn-án, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, mà." Alágbàfọ̀ kò gbójú sókè. "Ìṣó yẹn, ṣé ó ti dípẹtà? Ṣé ẹ wẹ inú ọgbẹ́ náà dáadáa?"

"Mo wẹ̀ ẹ́. Ta ni ìyá ọmọ yẹn?"

Obìnrin náà ń fún aṣọ. Omi ti tán lára aṣọ náà, ó ṣì ń fún un. "Wọ́n ní kò ní ìyá."

"Mi ò bi yín léèrè ohun tí wọ́n ní."

"Èmi ni," ni alágbàfọ̀ wí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sórí korobá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. "Bàbá rẹ̀ ń kọ́?"

"Ó wà lójú omi, ó ń pẹja. Àwọn ọmọ méjì tó kọrin fún yín láàárọ̀, ilé wọn nìyẹn, èyí tí aṣọ pupa wà lórí okùn rẹ̀. Ìjì gbé ilé ìwé lọ. Ibí nìkan ni ọmọ ti ń kàwé, tó ti ń jẹun yó. Ọ̀gá ní ọmọ òrukàn nìkan ni àwọn àlejò ń ràn lọ́wọ́. Ni gbogbo àwa òbí bá kú. Èmi bẹ̀bẹ̀ kí n máa fọṣọ wọn, kí n ṣáà lè máa rí i. Bí àlejò bá ti dé, kò gbọdọ̀ pè mí." Ó na aṣọ náà sórí okùn, ó wá yíjú padà. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú un lọ kàwé, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ni wọ́n máa ń gba ìsinmi lọ́dọ̀ yín, kí n lè mọ ìgbà tí yóò wálé?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ káwọ́ lérí. Ó dìde, ó lọ wá Pásítọ̀.

Orí àkàbà ló ti bá a, ó ń kun ògiri. Nígbà tó rò ó dé ibi ìsinmi ilé ìwé, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀, ọ̀dà sì ta sí gbogbo ara wọn. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jiyàn.

"Pásítọ̀, ká sọ òótọ́. Ká ní mo kọ̀wé sí yín pé àwọn ọmọ yìí ní ìyá, pé ebi ló ń pa wọ́n, ṣé ẹ máa wọkọ̀ wá?"

Dókítà eyín húkọ́. Pásítọ̀ ń fi aṣọ nu ọ̀dà lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ì bá má wá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wọ́n jù.

"Nítorí náà lẹ ṣe fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ lé mi lọ́wọ́?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. Níbẹ̀ ni Ọ̀gá ti gbójú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kéde káàkiri ìlú pé kí ẹni tó bá lọ́mọ nínú ilé náà wá. Wọ́n rò pé ènìyàn díẹ̀ ni yóò yọjú. Àfi bí ọgbà ṣe kún: ìyá, bàbá, ìyá àgbà, àwọn òkú tó jí. Àwọn ọmọ ń sáré lọ bá wọn pẹ̀lú igbe, àwọn akọrin ìjọ sì dúró, wọn kò mọ orin tí wọn ì bá kọ. Àwọn àgbà ìlú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Bàálé mi, díẹ̀ ló kù ká fi àdúrà jí ọmọ gbé."

Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn alàgbà ìjọ kan fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó rò ó fún ìjọ láìfi igun kan pamọ́. Àwọn mìíràn bínú, wọn kò dá sí ìrànlọ́wọ́ náà mọ́. Àwọn tó kù ń ṣe é lọ. Ilé ọmọ òrukàn ti di ilé ìwé; àwọn mẹ́ta tó jẹ́ òrukàn lóòótọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Bí agogo bá ró lọ́sàn-án, gbogbo ọmọ, títí kan Akáyín, á gbé báàgì, wọ́n á gba ilé wọn lọ.