Ẹ Má Yin Alápàáńdẹ̀dẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ ṣọ́jà oníhẹlikópítà tí Sípánà, mẹkáníìkì wọn, ti fẹ̀yìn tì, èèwọ̀ ni kí èèyàn yin ẹni tó fẹ́ gbéra. Bó o bá rí awakọ̀ bàálù tó ń de bẹ́líìtì mọ́ra, tó o sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú, èébú ni wàá fi sìn ín. "Gbéra ńlẹ̀ jàre, olójú oorun." Òun náà á bú ẹ padà, á rẹ́rìn-ín, á lọ, á sì bọ̀. Ìgbà kan wà tí ọ̀gá kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé bọ awakọ̀ kan lọ́wọ́, tó ní akọni ni. Ńṣe ni gbogbo mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Awakọ̀ náà rọra sọ̀kalẹ̀, ó ní inú ń run òun. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n bá yìn kì í bọ̀.

Nígbà tí wọ́n darúgbó, tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn níkọ̀ọ̀kan, wọn ò pa àṣà náà tì. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń pàdé nínú yàrá gbọọrọ kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó bàálù sí, wọ́n á mu tíì, wọ́n á sì máa bú àwọn òkú wọn. Ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù ló máa dìde bú u. Ẹni tó bá yin òkú, ariwo ni wọ́n máa fi lé e jókòó. Bí ẹ bá ń kọjá níta, ẹ ó rò pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ló kàn. Òun ló ń wa bàálù tí Sípánà ń tún ṣe, láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú kirikiri. Bó ṣe máa ń yí bàálù bírí lókè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ẹyẹ. Kò sì wá kú sínú bàálù. Àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù.

Látìgbà náà ni Sípánà ti ń wá èébú kiri inú ilé, bí ẹni tó ń wá gíláàsì ojú ẹ̀. Kò rí. Ọ̀rọ̀ rere nìkan ló kún ẹnu ẹ̀: ọkùnrin náà láàánú, kì í jẹun kí mẹkáníìkì ẹ̀ tó jẹ. Ẹ̀rù sì ń ba Sípánà gan-an. Bó bá fi lè yìn ín, á jẹ́ pé òun náà ti gbà pé ó ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó wọ yàrá gbọọrọ náà, òórùn epo ẹ́ńjìnnì sì kí i káàbọ̀. Epo àtijọ́ ṣì wà ní sìmẹ́ńtì ilẹ̀, dúdú dúdú. Oòrùn ti jẹ́ kí àwọn àwòrán ara ògiri ṣá, ṣùgbọ́n Sípánà mọ bàálù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ abẹ̀bẹ̀ orí wọn tó ń yí, tí iyanrìn ń fò, tí fìlà ń ṣí, tí gbogbo wọn ń pariwo mọ́ra wọn bí ẹni tí etí ẹ̀ di. Ayé mà dùn nígbà yẹn o! Àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí ìyàwó Alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó jókòó síwájú pátápátá, báàgì lórí itan. Àwọn ìyàwó kì í wá síbí yìí.

Ó fa Rédíò, olórí wọn, sí kọ̀rọ̀. "Ta ló pe ìyàwó wa?"

"Òun ló pe ara ẹ̀. Mo ní kó má wá, ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ òun ni."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bú òkú lójú ìyàwó ẹ̀?"

"Ìwọ lo mọ̀, elétí bí ilẹ̀kùn." Rédíò bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ rédíò ni Rédíò ṣe ní ẹgbẹ́, bó sì ṣe ń pe àwọn tó wà lókè nígbà náà ló ṣì ń pe òkú. Ó kó ọwọ́ bo ẹnu: "Alápàáńdẹ̀dẹ̀, Alápàáńdẹ̀dẹ̀, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ó dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Sípánà bá dìde.

"Alápàáńdẹ̀dẹ̀," ló wí, "èèyàn dáadáa ni."

Ó ń retí ariwo. Kò sí ariwo. Nítorí ìyàwó olóògbé, gbogbo wọn wolẹ̀. Sípánà bá ń bá a lọ: aláàánú, olóòótọ́, akọni. Ohùn ẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn.

"Ó tó!" Obìnrin náà ti dìde. "Ọkọ mi Sípánà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú u tàbí kí ẹ jókòó."

Ẹnu ya gbogbo wọn.

"Ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ta ló ń fi èébú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà láràárọ̀? Àwọn ará ilé kejì rò pé a kórìíra ara wa ni! Ní ọsibítù, dókítà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Bàbá, akọni ni yín.' Ọkọ mi wojú mi, ó ní, 'Wọ́n ti ń yìn mí o.' Mo ní, 'Ta ló ń yìn ẹ́? Ìwọ tí ìhanrun ẹ ò jẹ́ kí ará àdúgbò sùn?' Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn nìyẹn." Ó nu ojú. "Látìgbà tó ti lọ, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń yìn ín. Ẹ̀yin gan-an jókòó ní pálọ̀ mi, ẹ yìn ín títí, mi ò mọ ẹni tí ẹ ń sọ mọ́. Ẹ bá mi bú ọkọ mi."

Sípánà wo obìnrin náà, àánú ẹ̀ ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í.

"Òpùrọ́ ni," ló wí.

"Ẹn-ẹ́n!" Rédíò gbá tábìlì.

"Òpùrọ́ paraku! Lọ́dún tí omi ya wọ̀lú, a bá àwọn ìyá ọlọ́mọ lórí òkè àpáta kan. Ó kó wọn wọnú bàálù, kò sáyè mọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, 'Sọ̀kalẹ̀, ìwọ lo wúwo jù. Mò ń bọ̀ báyìí.' Báyìí! Òjò pa mí lórí àpáta yẹn, mo ń gbọ̀n bí ọmọ adìyẹ. Nígbà tó dé, ó ní kí n má bínú, òun dúró mu tíì ni!"

"Ọ̀dájú!" "Ọlọ́fun!" Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà di ẹ̀gbẹ́ mú, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ń pariwo pé ó jọ ọ́, ó jọ ọ́.

Sípánà náà ń rẹ́rìn-ín. Ara ti tù ú. "Kò jáwọ́ o! Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ní ọsibítù, mo ní kí n sáré lọ ra omi tútù fún un. Ó ní, 'Máa lọ, mi ò ní kúrò níbí.'"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Sípánà dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó nà síwájú, bí ẹni tó ṣì mú omi náà dání. Ìyàwó Alápàáńdẹ̀dẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú.

"Òpùrọ́," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Òpùrọ́," ni Sípánà wí, ó sì bú sẹ́kún.