Ọ̀pá Ẹnjíníà Olúgbádé

Yéjídé kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe ń gbèjà ẹ́ríà rédíò kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Onírèké lọ́dún 1986, ẹ ó ní òun ló lóyún rẹ̀. Òun náà ló kúkú ṣe é. Iṣẹ́ ẹ́ríà náà ni kó máa rán ìgbì rédíò lọ síwájú gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, kọ̀ǹpútà á ní ọ̀tún ló ń kọjú sí. Ẹnjíníà Olúgbádé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà, ti sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá tọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tú u palẹ̀.

Inú yàrá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, torí wọn kò ní pápá tó fẹ̀ tí wọ́n lè ti wọ̀n ọ́n láti òkèèrè. Irin kékeré kan ní ń rìn lórí ọ̀pá gígùn níwájú ẹ́ríà, tí ń tọ́ ìgbì wò láti ibì kan dé ibòmíràn. Kọ̀ǹpútà á wá ti ibẹ̀ ṣírò bí ìgbì náà yóò ṣe rí lọ́nà jíjìn. Ọ̀gá fúnra wọn ló jó ọ̀pá náà pọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò wọn ọ̀pá wò rí. Ta ni yóò máa wọn iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá?

Yéjídé dorí ẹ́ríà náà kodò. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ríà ló yà, ó yẹ kó kọjú sí òsì báyìí. Ọ̀tún náà ló ṣì ń kọjú sí. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, torí ó ti mọ ilé ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ní Ṣakí. Yéjídé ta okùn bíríkìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ó fà á le, ó wá ń wọn àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Apá òsì ọ̀pá ti tẹ̀ síwájú, ó ń gbé irin kékeré náà sún mọ́ ẹ́ríà jù, ìgbì sì ń tètè dé ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mọ́ṣúdù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní kó kúkú ṣe ẹ́ríà mìíràn, kó yéé wá ìjà. Kò gbà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ́ríà yìí kò yà. Ọ̀pá ló tẹ̀."

Olúgbádé fúnra wọn dìde. Wọ́n lọ wo okùn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tún wò ó. Wọ́n béèrè pé báwo ni a ṣe fẹ́ fa irin tó nípọn báyìí tọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

"Kò dìgbà tí a bá fà á tọ́, sà," ni Yéjídé wí. "A ti mọ ibi tó tẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀ tó. Kọ̀ǹpútà la ó sọ fún."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Fún ibi kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá, ó ní kí kọ̀ǹpútà dá ìgbì padà sí àsìkò tí ì bá dé ká ní ọ̀pá tọ́. NEPA mú iná lọ, wọ́n dá a padà, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí àbájáde jáde, iwájú gan-an ni ẹ́ríà kọjú sí.

Ọ̀gá ní kò tíì tán. Láàárọ̀ Ẹtì, wọ́n gbé ẹ́ríà lọ sí pápá gbalasa kan tí ọ̀gá tọrọ lò lẹ́yìn Apete, wọ́n wọ̀n ọ́n láti òkèèrè. Ohun kan náà ni. Orí Yéjídé wú, kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé Onírèké, Olúgbádé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn, wọ́n gbé ẹ́ríà kan jáde, tí wọ́n fi bébà ìròyìn àtijọ́ wé. Wọ́n ní àwọn ló ṣe é kí Yéjídé tó dé ibẹ̀. Lórí ọ̀pá yìí kan náà, ẹ́ríà ọ̀hún kọjú sí ọ̀tún, àwọn sì gbà pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Wọ́n fọwọ́ ara wọn nu eruku rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú Yéjídé.

"Yéjídé," ni wọ́n wí, "bá mi wọn tèmi náà wò."